Iwin Inú Ahoro: Ìrìn Ẹsẹ̀ Láàárín Àwọn Ìlú Tí A Fi Sílẹ̀ ní Òkè-Ògùn

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn àlejò a máa fi ẹsẹ̀ rìn yí ìlú àtijọ́ ká láìsí amọ̀nà, wọn a máa ti ibi kan tí ará ìlú ń bẹ̀rù bọ́ sí òmíràn, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé àwọn òkú tàbí iwin kò tíì kúrò níbẹ̀. Kolmanskop ní aṣálẹ̀ Nàmíbíà gbajúmọ̀ nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀: àwọn tó ń wa dáyámọ́ǹdì ló kọ́ ọ, wọ́n fi í sílẹ̀ pátápátá ní ọdún 1956, yanrìn sì ti gba inú yàrá lọ́wọ́ àwọn onílé. Òkè-Ògùn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kì í ṣe aṣálẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ìyẹn ilẹ̀ koríko gígùn tí igi rẹ̀ jìnnà síra wọn, ṣùgbọ́n òun náà ní ahoro tirẹ̀, èyí tí í ṣe ibùdó tí ènìyàn ti gbé rí kí wọ́n tó kó kúrò. Ohun tí àwọn ahoro wọ̀nyí ń kọ́ ẹni tó bá rìn wọ́n já ni pé ènìyàn ni a máa ń bá nídìí ìtàn iwin, àti pé ẹni tí kò bá wá ènìyàn náà rí, ẹ̀rù lásán ló gbé bọ̀ wálé.

Ìgbòho ni ó yẹ kí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà ayé Aláàfin Onígbògi, àwọn Tápà fọ́ Ọ̀yọ́-Ilé tí í ṣe olú-ìlú, ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì sá wọ ilẹ̀ Ìbàrìbá, kí àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ tó wá fi Ìgbòho ṣe ibùjókòó. Igbó Ọba, ìyẹn igbó tí wọ́n sin àwọn Aláàfin sí ní ìgbà àtìpó yìí, wà ní Ìgbòho. Mẹ́rin ni ìtàn dárúkọ pé wọ́n sin síbẹ̀, Òfinràn, Egunojú, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé, wọ́n sì máa ń pìtàn pé obìnrin ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀. Irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi tí àlejò ń já wọ̀ bí ẹni wọ ọjà. Bí kò tilẹ̀ sí amọ̀nà, ó tọ́ kí ó kí àwọn onílẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀.

Ní Ìgbòho yìí kan náà ni ìtàn iwin tó lókìkí jù lọ nínú ìtàn Ọ̀yọ́ ti bẹ̀rẹ̀, Samuel Johnson sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921. Aláàfin Abípa pinnu láti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè ńlá kò fẹ́ kúrò ní Ìgbòho. Kí àwọn ìránṣẹ́ ọba tó lọ wo ilẹ̀ tó dé Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìjòyè ti fi abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ pamọ́ sórí òkè Àjàkà nítòsí ahoro ìlú náà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n gbé ògùṣọ̀ jáde, wọ́n ń rìn kiri lórí òkè, wọ́n sì ń ké pé ààyè kò sí mọ́. Jìnnìjìnnì bo àwọn ìránṣẹ́, wọ́n sì padà wá jíṣẹ́ pé iwin ti gba ìlú. Abípa kò jiyàn, kò sì sá. Ó rán àwọn ọdẹ tó láyà lọ, wọ́n dọdẹ àwọn iwin náà, wọ́n sì mú wọn láàyè wá sí ààfin. Ọba jẹ́ kí àwọn ìjòyè pé jọ, ó wá ní kí iwin kọ̀ọ̀kan gbé ọtí fún ìjòyè tó rán an níṣẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀, ìyẹn ọba tó mú ọ̀rọ̀, nítorí orúkọ mìíràn fún iwin ni ọ̀rọ̀.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń yin ọgbọ́n ọba, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún yẹ kí a ro ti àwọn tí wọ́n fi ṣe iwin. Ẹ̀tàn náà kò lè jẹ bí kò bá ṣe pé àwùjọ ti ń wo àfín àti abuké bí ẹni pé wọn kì í ṣe ènìyàn pípé. Ẹ̀rù tó ti wà nílẹ̀ ni àwọn ìjòyè yá lò fún ọ̀rọ̀ ìṣèlú, kò sì sí ẹni tó rántí orúkọ ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n fi òru wọn ṣe iṣẹ́ náà.

Ọ̀yọ́-Ilé tí Abípa padà sí tún gbèrú fún nǹkan bí igba ọdún. Nígbà tí Hugh Clapperton, ará Scotland, dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1826, Aláàfin Májọ̀tú ló gbà á lálejò, ìlú ṣì kún fún ènìyàn. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ìlú fi tú pátápátá, nítorí ìjà àárín àwọn ìjòyè, agbára Ìlọrin àti ikú Aláàfin Olúewu nínú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, Àtìbà sì fi Àgọ́-Ọjà ṣe Ọ̀yọ́ tuntun. Lónìí, ahoro náà wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ rìn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà. Odi ìlú ti di òkìtì gígùn tí koríko bò, àpáàdì fọ́n káàkiri ilẹ̀, igi oṣè sì ń tọ́ka sí ibi tí ilé ti wà rí. Lórí àpáta kan sí òmíràn ni ojú olọ wà, kòtò dídán tí ọwọ́ àwọn obìnrin gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń lọ ọkà bàbà láti ìran dé ìran. Kò sí ìtàn iwin kankan nípa kòtò wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ẹ̀rí tó súnmọ́ wa jù lọ pé ènìyàn gbé ibẹ̀.

Ahoro Òkèhò kò pẹ́ tó ìwọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ìletò ló kóra jọ sí ibi tí òkè ti lè dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ogun Dàhómì àti ti Fúlàní. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tí Ìsẹ́yìn àti Òkèhò bá ìjọba àmúnisìn ṣe ní ọdún 1916, ìjọba kó Òkèhò kúrò lórí òkè ní ọdún 1917 wá sí ibi tó wà báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ibẹ̀ ń dẹ́rù bani, ohun tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀ kì í ṣe iwin, àṣẹ ìjọba ni.

Ọkọ̀ ni yóò gbé arìnrìn-àjò láti ìlú kan dé èkejì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ nìkan ló lè mú un dé ojú olọ àti ẹ̀gbẹ́ odi, nítorí ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ kò lè rí wọn. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Òkè-Ògùn máa kó ọmọ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà tó mọ ìtàn, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì gbé pátákó Yorùbá sí ibi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má kàn kọ ọ́ pé ibẹ̀ jẹ́ ibi ẹ̀rù. Ọmọ tí a bá tọ́ bẹ́ẹ̀, bí ó bá gbọ́ pé iwin wà ní ibì kan, yóò kọ́kọ́ béèrè ẹni tó gbé ibẹ̀ rí, ẹni tó lé e kúrò, àti ẹni tó jèrè ẹ̀rù náà.