Aṣọ Ni Yóò Ṣáájú, àbí Àwòrán? Ìjíròrò Kan ní Mólété

Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kan nítòsí afárá Mólété ni Ìyá Ṣadé, télọ̀ tí kò fi Ìbàdàn sílẹ̀ rí, àti Àjọkẹ́, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé, ti jọ jiyàn yìí.

ÌYÁ ṢADÉ: Àjọkẹ́, sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ owó ni. Mo kó àjọ lóṣù yìí. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wá fi sọ́fítíwíà kan hàn mí lórí fóònù, èyí tí wọ́n fi ń ya aṣọ ìbora tí wọ́n ń fi ègé aṣọ rán pọ̀, quilt tí ẹ máa ń pè é lọ́hùn-ún. Ó ní kí n rà á. Wo àpò àgékù ankara tó ga tó mi níbẹ̀ yẹn! Ṣé kí n rà á?

ÀJỌKẸ́: Ṣé Electric Quilt ni, mà?

ÌYÁ ṢADÉ: Òun gan-an ni. Ìwọ rò pé ará Mólété ò mọ nǹkan.

ÀJỌKẸ́: Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ o! Mo mọ̀ ọ́n. Ìlú Bowling Green, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é wà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀; EQ8 tó jáde ní 2017 ni mo bá lọ́wọ́ màmá tí mo gba yàrá nílé rẹ̀. Nǹkan bíi dọ́là 240 ni. Tí a bá ka dọ́là kan sí ₦1,500, ó di ₦360,000. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Windows tàbí Mac ló ń fẹ́. Ẹ óò ra láptọ́ọ̀pù, ẹ óò sì máa wá iná tí yóò máa gbé e.

ÌYÁ ṢADÉ: Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n lè bá mi fi ayédèrú rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré.

ÀJỌKẸ́: Ìyá mi, ẹ má ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ bá ará ìsàlẹ̀ yín jà lórí pé ó jí sítáìlì yín gbé! Ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà náà, oúnjẹ ẹnu rẹ̀ ni.

ÌYÁ ṢADÉ: Ó ti tó, mo ti gbọ́. Kí ló wá ń ṣe tó fi gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀?

ÀJỌKẸ́: Kí ẹ tó mọ̀ ọ́n, ẹ ní láti mọ àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Ẹnu yà mí, Ìyá. Màmá onílé mi ní yàrá kan tó kún fún aṣọ títí dókè àjà, aṣọ tuntun tí àlùmọ́gàjí ò tíì kàn. Ó ń rà á ní odindi, ó ń gé e wẹ́wẹ́, ó sì ń rán an pọ̀ padà.

ÌYÁ ṢADÉ: Kí èèyàn fowó ra aṣọ tó pé, kó gé e wẹ́wẹ́, kó tún wá rán an pọ̀? Ta ló ṣe wọ́n?

ÀJỌKẸ́: Ẹwà ni wọ́n ń wá. Irú wọn ni sọ́fítíwíà náà wà fún. Wọ́n á ya àwòrán tán kí wọ́n tó jáde lọ sọ́jà. Bí wọ́n bá fẹ́ yí pupa sí búlúù, ìṣẹ́jú kan ni. Á sọ yáàdì tí wọ́n máa rà, á tẹ bátánì ègé kọ̀ọ̀kan sórí ìwé. Èèyàn tilẹ̀ lè ya fọ́tò aṣọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀.

ÌYÁ ṢADÉ: Ehn! Yáàdì tí o dárúkọ yẹn ni mo ń wá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yìí kò mọ̀ ju kí wọ́n gé aṣọ oníaṣọ kù.

ÀJỌKẸ́: Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dán an wò lẹ́nu. Ká ní ojú quilt kan jẹ́ íńṣì 12 níbùú lóròó, ègé mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta lórí mẹ́ta. Tí a bá rán an tán, íńṣì 4 ni ègé kọ̀ọ̀kan. Mélòó lẹ máa gé?

ÌYÁ ṢADÉ: Ṣé ọmọ iṣẹ́ lo pè mí ni? Ẹni tó bá gé 4 ti ba aṣọ jẹ́. Ibi tí ojú rírán máa jẹ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ìdámẹ́rin íńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, 4½ ni mo máa gé.

ÀJỌKẸ́: Ẹ kú orí pípé. A fẹ́ ojú 30, márùn-ún níbùú, mẹ́fà lóròó: íńṣì 60 sí 72. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ègé dúdú márùn-ún, funfun mẹ́rin.

ÌYÁ ṢADÉ: Dúdú 150, funfun 120. Tí mo bá fi íńṣì 45 sí ìbú ankara, ègé mẹ́wàá ló máa bọ́ nínú ìlà kan. Dúdú á gba ìlà 15, íńṣì 67 àtààbọ̀. Yáàdì méjì á gbé e, á tún ṣẹ́ kù díẹ̀. Funfun á gba ìlà 12, íńṣì 54. Yáàdì kan àtààbọ̀ ni.

ÀJỌKẸ́: Iṣẹ́ tí wọ́n ń torí ẹ̀ san dọ́là lẹ ṣe lẹ́nu yẹn!

ÌYÁ ṢADÉ: Má fi adùn ẹnu pa mí. Onígun mẹ́ta ńkọ́? Èyí tó rí roboto ńkọ́?

ÀJỌKẸ́: Níbẹ̀ ni ọkàn mi ti gbà pé ẹ̀rọ náà lérè. Tí igun bá pọ̀ tí wọn kò sì dọ́gba, ìṣirò á bẹ̀rẹ̀ sí í da orí rú, ègé kan tó bá ṣì á ba ogún jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí tó yí mi lérò padà, tí mi ò lè gbàgbé.

ÌYÁ ṢADÉ: Àwọn arìnrìn-àjò! Ẹ kì í sọ̀rọ̀ kó tán.

ÀJỌKẸ́: Ní Wilcox County, ní Alabama, odò yí ilẹ̀ kan ká lápá mẹ́ta. Gee's Bend ni wọ́n ń pè é. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń gbébẹ̀, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sí oko òwú. Pettway, orúkọ òyìnbó tó ni oko náà, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń jẹ́ títí dòní. Ìyà jẹ wọ́n, òtútù sì ń mú nínú ilé onípákó wọn. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó ti gbó lóko, àpò ìyẹ̀fun, ohunkóhun tó bá kù lára aṣọ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń rán aṣọ ìbora. Ọkọ ọ̀kan nínú wọn, Missouri Pettway, kú. Ní 1942, obìnrin náà kó aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jọ, ó tú u, ó sì fi rán quilt, kó lè máa fi ọkọ rẹ̀ bora. Arlonzia, ọmọ rẹ̀ tó bá a lọ́wọ́ sí i, ló sọ ìtàn náà fáráyé.

ÌYÁ ṢADÉ: Yéè! Aṣọ ọkọ tó kú ló ń fi bora sùn? Lọ́dọ̀ tiwa ńbí, pínpín la máa ń pín in, kálukú á gba tirẹ̀.

ÀJỌKẸ́: Ìfẹ́ ni, Ìyá. Mo rí irú quilt aṣọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní mùsíọ́mù: ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀ ṣì dú, gbogbo àyíká rẹ̀ ti ṣí nínú oòrùn. Mo dúró tì í, omi bọ́ lójú mi. Ní 2002, wọ́n kó àwọn quilt Gee's Bend lọ sí mùsíọ́mù ní Houston, lẹ́yìn náà sí Whitney ní New York. Ní 2006, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ mẹ́wàá nínú wọn sórí sítáǹbù. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Aṣọ tó wà nílẹ̀ ló sọ ibi tí wọ́n máa gbà.

ÌYÁ ṢADÉ: Tí o bá rò ó, ẹ̀kú egúngún ò yàtọ̀. Aṣọ lórí aṣọ, ìdílé á máa fi tuntun kún ti àtijọ́, wọ́n á rán ìgbàlà olójú ṣóńṣó sí etí rẹ̀. Ojú obìnrin ò gbọdọ̀ rí egúngún Olóòlù, ṣùgbọ́n mo ti wo egúngún Alápáńsánpá dáadáa.

ÀJỌKẸ́: Ẹ ṣeun! Màmá yín tó ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ l'Ọ́jà'ba ńkọ́?

ÌYÁ ṢADÉ: Ìyá mi! Ìyẹ́ adìẹ ló fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kó tó rì í sínú aró. Á pín aṣọ sí ojú-ojú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán tirẹ̀. Nínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 ló ń yà, ṣíbí á wà láàárín òpó. Kò wo ìwé kankan, ojú kan ò sì jọ èkejì tán.

ÀJỌKẸ́: Ẹ wo ayédèrú àdìrẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ wá láti Ṣáínà: gbogbo ojú rẹ̀ jọra bákan náà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ìyá, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú iṣẹ́ yín, aṣọ ni yóò ṣáájú, àbí àwòrán? Ẹni tí àwòrán ń ṣáájú fún, tó máa ra aṣọ tuntun, tó máa ṣe irú kan náà lọ́pọ̀, kó ra sọ́fítíwíà, yóò jèrè rẹ̀. Àmọ́ àgékù ni tiyín. Méjì nínú wọn ò gùn bákan náà. Kí ẹ tó ya fọ́tò wọn tán sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ti tò wọ́n sílẹ̀, ẹ ti rán wọn.

ÌYÁ ṢADÉ: Tí òtẹ́ẹ̀lì bá wá bẹ̀ mí ní ogún tó jọra ńkọ́?

ÀJỌKẸ́: Àwòrán ti ṣáájú nìyẹn. Ẹ fi owó iṣẹ́ náà rà á, kì í ṣe owó àjọ. Títí dìgbà náà, ìwé gíráàfù àti pẹ́ńsùlù wà. Tí ọmọ iṣẹ́ yín bá ní kọ̀ǹpútà, kó gba Inkscape sórí rẹ̀. Láti 2003 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni, kò sí olè níbẹ̀.

ÌYÁ ṢADÉ: Kí n wá fi owó àjọ mi ṣe kí ni?

ÀJỌKẸ́: Ìpele mẹ́ta ni quilt. Ojú òkè nìkan ni àgékù yín lè ṣe. Ẹ ra òwú tó máa wà láàárín àti aṣọ tó máa wà lẹ́yìn, kí ẹ rán mẹ́ta síta, kí ẹ mọ iye tí ọjà máa san.

ÌYÁ ṢADÉ: Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa ra òwú o, ìwọ tí o ti Amẹ́ríkà dé tí o kò fún mi ní nǹkan kan ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ.

ÀJỌKẸ́: Ọṣẹ méjì ni, Ìyá!