Ẹni Tí Ó Dúró Lẹ́yìn

Ẹ̀kọ́ ìtàn àti jọ́gíráfì ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Àjàṣẹ́ wa yìí. Ohun kan wà tí a máa ń tẹnu mọ́ fún wọn lọ́dọọdún: bí ọ̀ràn ńlá kan bá ṣẹlẹ̀, ohun tí ó fà á nítòsí yàtọ̀ sí ohun tí ó fà á láti òkèèrè. Ọmọ tí ó bá kọ sínú ìwé ìdánwò pé ìbọn tí wọ́n yìn ní Sarajevo ní ọdún 1914 nìkan ni ó dá ogun àgbáyé kìíní sílẹ̀, a kì í fún un ní ìdajì àmì. A ó fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ pé kí ó wo ẹ̀yìn. Ohun tí a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lónìí ni bí àwa fúnra wa ṣe gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí nígbà tí a kúrò ní kíláàsì tí a bọ́ sórí pápá, àti ìyà tí ọmọ kan jẹ nítorí ìgbàgbé wa.

Ní ọdún tí wọ́n gbé olùkọ́ eré ìdárayá wa lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì lé wa lọ́wọ́. Kì í ṣe pé a mọ bọ́ọ̀lù ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lọ. Àwa ni wọ́n máa ń rí lẹ́bàá pápá ní ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n sì rò pé ẹni tí ó fẹ́ràn nǹkan, ó mọ̀ ọ́n. Pápá wa kò ní koríko. Ilẹ̀ pupa ni. Bí òjò bá rọ̀, ó di ẹrẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, eruku rẹ̀ a bo ojú aṣọ́lé. Gbogbo ọmọ tí ó bá wá ni ó fẹ́ jẹ́ atamátàsé. Ẹni tí kò bá rí àyè níwájú ni à ń rán lọ sẹ́yìn, bí ẹni tí ó pẹ́ dé òde àríyá tí ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Irú àwọn ará ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ni a kó lọ sínú ìdíje, a sì pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Nínú èyí tí ó ṣìkẹrin, ayò mẹ́rin sí òdo ni wọ́n fi nà wá.

Inú bí wa. Ohun tí olùkọ́ máa ń ṣe bí inú bá bí i ni a ṣe: a fún wọn ní àmì. Ìwé ìròyìn L'Équipe ti ilẹ̀ Faransé máa ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní àmì nínú 10. Àwa fún tiwa nínú 20, bí ìdánwò. A kọ orúkọ àwọn mọ́kànlá sórí ìwé kan, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lójú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tí ó wà níwájú gba 11 àti 12, nítorí pé wọ́n sáré, àwọn èrò sì pariwo orúkọ wọn. Àwọn mẹ́rin tí ó wà lẹ́yìn gba 7, 6, 6 àti 5. Ọmọ tí ó wọ ẹ̀wù nọ́ńbà 4 ni ó gba 5/20. Ọ̀ràn rẹ̀ hàn kedere lójú wa: nínú ayò mẹ́rin tí ó wọlé, òun ni ó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó gbá mẹ́ta nínú wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀kẹta bà kí ó tó wọ inú àwọ̀n.

Ọmọ náà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ọjọ́rú tí ó tẹ̀lé e, kò wá sí pápá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé àpò ọ̀rá kan wá fún wa. Ẹ̀wù nọ́ńbà 4 ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n sì ká a dáadáa. Bí ó bá ṣe pé ó jù ú sọ́dọ̀ wa ni, ọkàn wa ì bá fúyẹ́. Láti ọjọ́ náà, ọmọ tí ó máa ń nawọ́ sókè nínú kíláàsì wa kò nawọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ọdún ìdánwò BEPC rẹ̀ ni a wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fi tẹlifóònù ya fídíò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà láti orí ògiri tí ó wà lẹ́yìn pápá. Kì í ṣe nítorí ọmọ yìí ni a fi bèèrè fídíò náà o. A fẹ́ mọ̀ bóyá rẹfirí rẹ́ wa jẹ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a wo ayò kẹta, a rí ẹsẹ̀ nọ́ńbà 4, a sì fẹ́ pa á. Nígbà náà ni a dá fídíò padà sẹ́yìn díẹ̀, a tún dá a padà sí i.

Ohun tí a rí nìyí. Atamátàsé wa, ẹni tí a fún ní 12, fẹ́ fi bọ́ọ̀lù rẹ́ ènìyàn mẹ́ta kọjá. Wọ́n gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Àwọn tí ó wà láàárín pápá ń rìn padà bí ẹni tí ó ń ti ọjà Wàndò bọ̀. Ẹni tí ó yẹ kí ó ṣọ́ apá ọ̀tún ti lọ síwájú, kò sì tíì padà. Nọ́ńbà 4 wà láàárín alátakò méjì. Ó nawọ́ sí apá ọ̀tún, ó ń pariwo, kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó kọjú sí ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ohun tí ó sì tọ́ láti ṣe nìyẹn. Ẹni náà tari bọ́ọ̀lù sí ìkejì rẹ̀. Ọmọ náà yí padà, ó sáré, ó na ẹsẹ̀ tí ó kù ú kù, bọ́ọ̀lù bà á, ó wọlé. Bí ó bá ti fọwọ́ lé ìbàdí bí àwọn yòókù ni, bọ́ọ̀lù kì bá tí bà á, a ò bá sì fún un ní 8. Ìsapá rẹ̀ ni a fi ìyà jẹ.

A wo fídíò náà títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. A rí ohun mìíràn tí ojú wa kò rí lórí pápá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni alátakò gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, tí ó gbójú sókè, tí ó rí i pé ọmọ yìí ti dúró sí ibi tí òun fẹ́ gbà, tí ó sì yí padà. Wọn kò fara kan ara wọn, kò sí ẹni tí ó ṣubú, èrò kò pàtẹ́wọ́. A kò fún un ní àmì kankan fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nítorí pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àwa tí à ń pè lólùkọ́, iwájú ni a wò.

Àwa nìkan kọ́ ni irú ìfọ́jú yìí ń bá jà. Láti ọdún 1956 tí ìwé ìròyìn France Football ti ń fún agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Ballon d'Or, àwọn ará ẹ̀yìn tí ó gbà á kò pọ̀ rárá: Franz Beckenbauer ní 1972 àti 1976, Matthias Sammer ní 1996, Fabio Cannavaro ní 2006. Aṣọ́lé kan ṣoṣo ni ó gbà á, Lev Yashin, ní 1963.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ilé. Ní ọdún 2004, ní Tùnísíà, nígbà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa dé ibi Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni a gbá, a sì pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ayò mẹ́jọ ni ó wọ àwọ̀n wa, Mòrókò nìkan gbá mẹ́rin nínú rẹ̀. Ní ọdún 2019, ní Íjíbítì, àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́ wa tún pàdé Mòrókò, ní ọjọ́ 5 oṣù keje. Kí ó tó di ọjọ́ náà, wọ́n ti gbá ọ̀mì 2 sí 2 pẹ̀lú Gánà, àti òdo sí òdo pẹ̀lú Gínì-Bìsáù àti Kamẹrúùnù. Moïse Adilehou, ará ẹ̀yìn, ni ó gbá ayò wa wọlé. Mòrókò dá a padà. Ó di 1 sí 1. Ní ìparí àkókò, Hakim Ziyech gbá pẹ́náritì, ó sì ba òpó. Nínú àfikún àkókò, Khaled Adénon gba káàdì pupa, àwọn mẹ́wàá tí ó kù sì dúró gbọn-in títí a fi borí pẹ̀lú pẹ́náritì, 4 sí 1. Sẹ̀nẹ̀gàl ni ó wá fi ayò kan lé wa padà sílé ní ìpele tí ó tẹ̀lé e. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún, ayò mẹ́rin péré ni ó wọ àwọ̀n wa, mẹ́ta péré ni àwa náà gbá wọlé. Ẹ̀yìn ni ó gbé wa dé àárín àwọn ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọmọ wa léèrè ìrántí wọn nípa ọdún náà: pẹ́náritì ni wọn yóò sọ.

Nígbà tí a rí àṣìṣe wa, a lọ sí ilé ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ àgbà, tí ó ń ta àkàsà, ni ó tọ́ ọ dàgbà. A dọ̀bálẹ̀ kí i, a sì ro ẹjọ́ ara wa fún un láìfi ohunkóhun pamọ́. Màmá gbọ́ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Tíṣà, ẹ jókòó. Ṣé ẹ rí ọdẹ tí ó ń ṣọ́ àdúgbò wa yìí? Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí olè kò ti wọlé wa. Oṣooṣù ni à ń san owó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé kò ṣiṣẹ́ nítorí pé olè kò wá.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Bí olè bá sì wá lọ́jọ́ kan, a ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.”

Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dojú kọ ilẹ̀. A sọ fún un pé a ti rí ohun tí ó ṣe, kí ó má ṣe bínú. Ó ní: “Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ara ògiri ni ẹ kọ ọ́ sí.”

Òtítọ́ ni. Ohun tí a bá bà jẹ́ ní gbangba, a kì í tún un ṣe ní kọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí wọ́n ta àsíá tán, a já ìwé náà lára ògiri lójú gbogbo wọn, a sì sọ ohun tí a rí nínú fídíò, láti orí atamátàsé títí kan ẹsẹ̀ tí bọ́ọ̀lù bà. Ó ṣòro fún wa. Ètè wa gbẹ. Ní Ọjọ́rú, ọmọ náà wá gba ẹ̀wù rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà tí a ń gbà wo ará ẹ̀yìn ti yí padà. Ọmọ kan tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà ni a ń fún ní ìwé àti bírò, ìbéèrè márùn-ún ni ó sì ń dáhùn. Níbo ni ará ẹ̀yìn yìí dúró sí nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì jìnnà sí i? Bí alátakò bá kọjú sí i, ṣé ó bẹ́ lù ú ni, tàbí ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tí ó ń tì í sí etí pápá títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dé? Ṣé ó ń sọ̀rọ̀? Òun ni ó rí gbogbo pápá níwájú rẹ̀. Bí ó bá yadi, àwọn tí ó wà níwájú kò mọ ohun tí ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Bí ó bá gba bọ́ọ̀lù tán, ta ni ó fi fún? Bí ó bá ṣe àṣìṣe, kí ni ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Ní ti ayò tí ó bá wọlé, ibi tí a ti sọ bọ́ọ̀lù nù ni a ń kọ́kọ́ kọ, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó kẹ́yìn.

A tún ń wo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Bí mẹ́ta bá gòkè, tí ẹnì kan ṣoṣo dúró sẹ́yìn, òun nìkan ti tú iṣẹ́ àwọn mẹ́ta ká, nítorí pé atamátàsé tí ì bá wà ní ipò tí òfin kọ̀ ti rí ẹni tí yóò fi bojú. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a wá ń tọ́jú àwọn ará ẹ̀yìn bí ẹyin. Ẹni tí ó fi apá ọ̀tún sílẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Nọ́ńbà 4 náà ní àléébù tirẹ̀: bí wọ́n bá fẹ́ gbá kọ́nà, bọ́ọ̀lù ni ó máa ń tẹjú mọ́, kì í wo ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. A sọ fún un, kò bínú. Ó mọ̀ pé a ti rí èyí tí ó kù.

A kò gba ife. A tún pàdánù lẹ́ẹ̀kan sí i, ayò kan sí òdo, a sì gbá ọ̀mì òdo sí òdo nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn. Lórí ìwé tí rẹfirí fi fún wa lọ́jọ́ náà, ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ó gbá ayò wọlé sí ṣófo. Inú àwọn ọmọ kò dùn tó bí inú tiwa.

Nígbà tí ìdánwò ìparí sáà dé, a bèèrè ohun tí ó fa ogun 1914. Ọmọ nọ́ńbà 4 kọ ojú ìwé kan àti ààbọ̀ lórí àwọn ohun tí ó ti òkèèrè wá, kí ó tó dé orí ìbọn Sarajevo. A fún un ní 14/20. A kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ ni a fi lé.