Ẹ Jẹ́ Ká Gbé Iyì Kúrò Lára Ẹran

Nínú gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, kò sí èyí tí àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ kùn tó oúnjẹ òde. Bí aṣọ ẹbí bá pẹ́ dé, a ó gbójú fò ó. Bí ohùn olórin bá ha, a ó jó o bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí àlejò bá rí i pé ẹran kan ṣoṣo ló wà lórí ìrẹsì òun, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Yóò ní wọn ò ka òun kún. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wa wà. A lè sọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí iyì bá ṣì wà lára ẹran, ẹran náà la ó máa jẹ.

Ayé ń gbóná lóòótọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ooru dé 40.3°C ní Lincolnshire, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru ní Britain. Lọ́dún kan náà, omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú ló jẹ̀bi jù, kí a má purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2013, àjọ FAO, tó ń mójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ṣírò rẹ̀ pé ẹran ọ̀sìn ló ń fa ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn gáàsì amáyégbóná tí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run.

Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù, nítorí wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ. Inú ṣàkì tí a fẹ́ràn yìí ni koríko ti ń kan, tí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ti ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di gáàsì mẹ́téènì, tí ẹran á sì máa gùfẹ̀ rẹ̀ síta láti àárọ̀ dalẹ́. Láàárín ogún ọdún, mẹ́téènì ń mú ayé gbóná ju èéfín káábọ́ọ̀nù lọ ní ohun tó ju ìlọ́po 80. Ohun tó ń fún mi ní ìrètí ni pé kì í pẹ́ lókè. Nǹkan bí ọdún méjìlá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti túká, nígbà tí káábọ́ọ̀nù lè wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí a bá dín kù lónìí, àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ yìí pàápàá lè fojú ara wọn rí èrè rẹ̀.

Lọ́dún 2018, Joseph Poore ti Yunifásítì Oxford àti Thomas Nemecek kó ìṣirò jọ láti nǹkan bí oko 38,700 ní orílẹ̀-èdè 119. Wọ́n rí i pé kí èèyàn tó rí 100 gíráàmù èròjà amúaradàgbà lára màlúù tí wọ́n dìídì sìn fún ẹran, gáàsì tó ń tú jáde tó nǹkan bí 50 kílò. Ti àgùntàn tó 20. Ti adìẹ kò pé 6. Ti ẹ̀wà kò tó kílò kan. Ẹ̀wà kò tilẹ̀ ń béèrè ajílẹ̀ púpọ̀, nítorí àwọn kòkòrò tó ń gbé ara gbòǹgbò rẹ̀ ń fa náítírójìn wá fún un láti inú afẹ́fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bẹ̀rù pé ẹ̀wà ti ọ̀nà jíjìn wá, inú ọkọ̀ ojú omi ló wà, èéfín ìrìnàjò yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti màlúù tí wọ́n sìn nítòsí.

Kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi pé kí ìyá tó ń tọ́mọ ní Ìsẹ́yìn dín ẹyin ọmọ rẹ̀ kù. Ẹran tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ lọ́dún ní Nàìjíríà kéré jìnnà sí ti Britain níbí, ọ̀pọ̀ ọmọ níbẹ̀ ló sì nílò ẹyin àti wàrà sí i. Àwa tí ẹran wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni mò ń bá wí. N kò sì bá ẹni tó ń jẹ ṣàkì àti pọ̀nmọ́ jà. Ó sàn kí a jẹ màlúù tí wọ́n ti pa láti orí dé bọ̀kọ́tọ̀ ju kí apá kan rẹ̀ ṣòfò lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá kó ìyẹn sórí àwo tán, tí a tún to ẹran gidi mẹ́ta lé e, àwíjàre ti tán nìyẹn.

Bràsíìlì fi ọ̀nà méjèèjì, ti ẹran àti ti ẹ̀wà, hàn wá. Ní Amazon, pápá ìjẹko màlúù ló gba apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti pa igbó rẹ̀ run. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, àwọn obìnrin ṣì ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń fi epo pupa din àkàrà tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú mú débẹ̀. Edé ni wọ́n ń fi sí i. Lọ́dún 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ohun ìní ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà.

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, ẹran kì í wà lórí oúnjẹ lójoojúmọ́. Ó dọjọ́ ọdún, ó dọjọ́ ìnáwó. Ọ̀wọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ di iyì. Níhìn-ín, kò wọ́n mọ́: ẹ dé Rye Lane ní Peckham, ẹ ó rí i bó ṣe kún ìsọ̀. Ohun tó wọ́n wa ni àkókò àti ọwọ́. Ẹni tó dé láti ibi iṣẹ́, tó rẹ ẹ̀wà, tó bó o, tó lọ̀ ọ́, tó wá ewé eéran kiri kó tó pọ́n mọ́ínmọ́ín, ó ti fún àlejò ní ohun tí owó lásán kò lè rà. Èmi ka irú àwo bẹ́ẹ̀ sí ọ̀wọ̀ ju ẹran márùn-ún lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbẹ̀gìrì tó kúnná, èkuru pẹ̀lú ata díndín, àdàlú, ẹ̀fọ́ rírò tí olú àti irú pọ̀ nínú rẹ̀, àti wàrà sóyà tí àwọn ará Ìlọrin mọ̀ dáadáa.

Nítorí náà, mo mú àbá kan wá fún ayẹyẹ ìparí ọdún. Kí mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́ olú àti gbẹ̀gìrì wà níwájú lórí tábìlì, kí ẹran wà lẹ́yìn, ẹyọ kan fún ẹni tó bá béèrè. Ẹ̀yin bàbá ìsàlẹ̀ àti ìyá ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí tábìlì tiyín kọ́kọ́ yàtọ̀, nítorí ohun tí wọ́n bá gbé síwájú yín ni àwọn yòókù ń wò. Ẹ̀wà púpọ̀ ló máa wà láti bó ní alẹ́ tó ṣáájú ayẹyẹ náà. Kí ẹni tó bá lè wá fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kó sì mú abọ́ ńlá kan dání.