Ìpele àkọ́kọ́ ti tó wa o!

Nígbà tí mo sọ fáwọn ọmọ mi pé a fẹ́ lọ wo omi, èyí àbúrò bú sẹ́kún. Omi tó mọ̀ ò ju èyí tó máa ń ya wọ yàrá wa n'Ìyànà Ìbà tí òjò bá rọ̀.

Mo ní rárá o, omi Olúmirin ni, l'Ẹ́rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Orí àpáta ló ti ń já bọ́, ìpele 7 ló sì ní. Mo ti pinnu pé a máa dé òkè pátápátá. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, "Dádì, ọmọ ọdún 5 ló máa gun àpáta tó ń yọ̀? Àbí ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n ọ́n ni?"

Ẹnu mi wọhò. Ìtàn ní obìnrin kan, Akinlà, láti ìdílé Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí omi náà. Obìnrin náà ló tún wá ń pàṣẹ bá a ṣe máa wò ó!

Òótọ́ ló kúkú sọ. Ìpele àkọ́kọ́ ò le dé, àmọ́ béèyàn ṣe ń gòkè lọ̀nà ń le sí i, pàápàá lásìkò òjò.

Bá a ṣe tò ó nìyí: ká tètè kúrò nílé kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀, ká gba Ìbàdàn àti Ifẹ̀, ká sùn s'Íléṣà, ká wọ omi láàárọ̀. Kò sí sílípáàsì, bàtà tó di ẹsẹ̀ mú dáadáa ni. Aṣọ ìpààrọ̀, mọ́ínmọ́ín, omi mímu. Ìpele àkọ́kọ́ la máa dúró sí.

Ẹni tó bá fẹ́ dé ìkeje, kó máa lọ. Tèmi ni pé kọ́mọ mi mọ̀ pé omi kan wà láyé tí wọn kì í gbé bẹ́ẹ̀dì sá fún.