Kọ́nà Ló Ń Fi Ọkọ̀ Hàn

Ferrari ni tèmi, Ford ni ti ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yin ará kíláàsì mọ ariwo wa. Ó ní Ford ló gba ipò kìíní dé ìkẹta nínú eré wákàtí 24 ní Le Mans, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1966. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ṣebí ọkọ̀ yẹn wúwo débi pé wọ́n ń pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀ lójú eré!

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo yọ́ ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n mi gbé, a sì jọ sáré lọ́nà Ìlobùú. Èmi ni mo wà níwájú títí dé kọ́nà. Mi ò tètè tẹ bíréèkì. Inú gọ́tà ni mo bá ara mi.

Ọgbẹ́ mi ti jinná, ṣùgbọ́n ọ̀kadà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń wá oúnjẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí títì bá tọ́, gbogbo ọkọ̀ ló lè sáré. Kọ́nà ló ń fi ọkọ̀ hàn, àti ẹni tó ń wà á.