Ẹ WO KÁÀDÌ ỌMỌ YÍN BÍ Ẹ TI Ń WO KÁÀDÌ ALÁJỌ

Kò sí ìyá ọlọ́jà kan l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ tàbí n'Íkòròdú tí alájọ lè rẹ́ jẹ wẹ́rẹ́. Bí alájọ bá gbowó lónìí tí kò fa ìlà sí káàdì, gbogbo ọjà ni yóò gbọ́. Ìyá náà lè má mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ iye ìlà tó wà lórí káàdì ẹ̀. Ohun tó ń yani lẹ́nu ni pé, bí iléèwé bá gba ọlidé tí ọmọ gbé káàdì tiẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nìyá kan náà máa ń béèrè: "Ipò kelòó lo mú?" Ó parí.

Ìyá kan ń ta ẹja tútù lọ́jà Olúwo, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ọmọkùnrin ẹ̀ wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì, orí ọmọ náà sì pé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹja bá pọ̀, ìyá á ní: "Dúró ràn mí lọ́wọ́ jàre, ìdánwò ò kúkú tíì dé." Nígbà tí ìdánwò dé, ọmọ mú 38 nínú 60 nínú ìṣirò. Ọmọ aládùúgbò wọn mú 30 péré, síbẹ̀ òun ló ṣáájú lórí káàdì. Ìyá yarí, ó ní ojúsàájú ni. Ló bá so ìró mọ́dìí gírígírí, ó di iléèwé.

Tíṣà ò bá a jà. Ó ní: "Màmá, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ń dájọ?"

"Mò ń dá a."

"Bí ẹ bá dáwó fún ọjọ́ 10 péré, ṣé owó ọgbọ̀n ọjọ́ lalájọ máa kó fún yín lópin oṣù?"

"Níbo ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn?"

Tíṣà bá ṣí káàdì. Tẹ́ẹ̀sì inú táàmù ló ni 40, ìdánwò ìparí ló ni 60. Ọmọ tiwọn mú 8 nínú 40, torí pé ọjà ló wà nígbà tí wọ́n ń ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ó di 46. Ọmọ aládùúgbò mú 32, tiẹ̀ di 62. Ìyá dákẹ́ lọ gbári.

Ká má parọ́, ẹ̀bi ìyá yìí nìkan kọ́. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sì wà lábẹ́ wọn, ìdánwò ìparí ni òbí mọ̀. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ ṣì mọ̀ nígbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà Èkó ní 1979, tó fòpin sí iléèwé àárọ̀ àti ọ̀sán. Ní 1982 ni ètò 6-3-3-4 wọlé, tó ní kí wọ́n máa ka iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe jálẹ̀ táàmù mọ́ màkì ẹ̀. Ta ló wá jókòó ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹlẹ́ja àti kápẹ́ńtà? Káàdì olóyìnbó ni wọ́n kàn ń fi ránṣẹ́ sílé.

Ipò tí à ń pariwo pàápàá lè tanni jẹ. Télọ̀ kan n'Íkòròdú na ọmọ ẹ̀ bí ẹni máa kú nítorí ó mú ipò kejìlá. Ọmọ 60 ló wà ní kíláàsì náà! Ẹni tó mú kejìlá láàárín ọmọ 13 ló yẹ ká sáré wá nǹkan ṣe sí tiẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí káàdì bá dé, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Èló ló mú nínú tẹ́ẹ̀sì? Ẹ̀ẹ̀melòó ni kò wá síléèwé? Ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì? Kí ni tíṣà kọ sísàlẹ̀? Bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ má fún ọmọ tó ni káàdì kó kà á fún yín, torí ajigbèsè kọ́ là ń gbé ìwé gbèsè fún kó kà. Ẹ gbé e lọ bá tíṣà fúnra yín, kẹ́ ẹ sì lọ nígbà tí táàmù ò tíì parí, nígbà tí 40 yẹn ṣì wà nílẹ̀ tí ọmọ lè mú.