Bí A Ṣe Rí Ìwé Àwọn Onímọ̀ Kà Láìsan Kọ́bọ̀

Nígbà tí olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ nǹkan sí i lọ́dún yìí, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ kan tí a ti ń sọ fún àwọn òbí lẹ́nu ọ̀nà ilé-kéwú láti bí ọdún mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, wọn kò gbọ́ ọ tán.

Ọmọ wa kejì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé kò nílò àlàyé lẹ́nu wa. Ẹni tí kò ní, kí ó máa dúpẹ́. Oṣù kan kì í lọ kí egungun má ro ó. Ní ọdún 2020, dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀ ní kí ó máa lo oògùn kan tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea. Inú wa dùn, àfi ìgbà tí a délé tí ẹ̀gbọ́n wa kan ka ohun tí wọ́n kọ sínú páálí oògùn náà, tí ó sì pariwo pé oògùn àrùn jẹjẹrẹ ni wọ́n fún wa. Kò parọ́, wọ́n ń lò ó fún irú jẹjẹrẹ kan lóòótọ́. Ìyá ọmọ ní òun kò ní fi ọwọ́ ara òun fi májèlé sí ọmọ òun lẹ́nu. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni oògùn náà fi wà lórí àpótí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Níwọ̀n bí a ti jẹ́ olùkọ́, a sọ nínú ara wa pé: àwọn tí wọ́n dán oògùn yìí wò kò ha kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ bí? Ọmọbìnrin wa àgbà, tí ó wà ní pólì nígbà náà, wá a lórí fóònù rẹ̀. Ó rí ìwé kan tí àkọlé rẹ̀ dà bí ẹni pé nítorí tiwa gan-an ni wọ́n ṣe kọ ọ́. A ka ìlà bíi mẹ́wàá, ni ilẹ̀kùn bá tì. Ilé ìtẹ̀wé tí ó ni ojú ewé náà ní kí a san owó tí ó lé ní 30 dọ́là kí a tó ka ìyókù. Ìwé kan ṣoṣo o, kì í ṣe àpò ìwé! Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́ wo ní ilẹ̀ wa ni yóò rí dọ́là yẹn san nítorí ojú ewé mẹ́jọ?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ní kí a má da ara wa láàmú, pé òun mọ ibì kan tí wọ́n kó gbogbo irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ni ín. A kò ní tan yín jẹ, ó wù wá. Ọmọ ń sunkún egungun nínú yàrá, ẹ ń bá wa sọ̀rọ̀ àṣẹ! Ṣùgbọ́n a rántí pé ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni a na ọmọ kan ní kíláàsì nítorí gègé ọmọ ẹlòmíràn tí ó mú. A ní kí ó fi sílẹ̀ ná.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni a bá alábòójútó ilé ìkàwé yunifásítì kan, tí a jọ máa ń kírun, sọ ọ́. Ẹ̀rín ló fi dá wa lóhùn. Ó ní, "Ààfáà, ẹnu ọ̀nà iwájú nìkan ni ẹ kàn. Ilé náà ní ọ̀nà míràn, àwọn onílé fúnra wọn ló là á." Ó wá ṣàlàyé ohun kan tí ó yà wá lẹ́nu púpọ̀: àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń kọ ìwé ìwádìí wọ̀nyí kì í gba owó lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé, àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ wọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dára kì í sábà gba nǹkan, owó ìjọba ni wọ́n sì máa ń fi ṣe ìwádìí náà lọ́pọ̀ ìgbà. Inú bí àwọn kan láàárín wọn. Ní ọdún 1991, Paul Ginsparg ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà dá arXiv sílẹ̀, níbi tí àwọn onímọ̀ físíìsì ti ń fi ìwé wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2000 ni PubMed Central bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìlera. Láti ọdún 2008, dandan ni kí ẹni tí ó bá gba owó ìwádìí ìlera lọ́wọ́ àjọ NIH ti ìjọba Amẹ́ríkà fi ìwé rẹ̀ síbẹ̀, kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn tí ó jáde. Láti oṣù keje ọdún 2025, wọn kò tún gba ọdún kan yẹn mọ́.

Ó tẹ orúkọ oògùn náà àti Áfíríkà síbẹ̀ lójú wa. Ìwé tí ó yọ jáde ni èyí tí New England Journal of Medicine tẹ̀ ní ọdún 2019. Ní Àǹgólà, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Kóńgò tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Kinshasa ni wọ́n ti ṣe é. Ọmọ 606 ló lo oògùn náà, láti ọmọ ọdún kan dé mẹ́wàá. Odindi ni ìwé náà wà níbẹ̀, láti orí dé ìdí, kò sí ẹni tí ó béèrè kọ́bọ̀.

Alẹ́ mẹ́ta ni àwa àti ọmọbìnrin wa fi kà á, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù tí ń bà wá ni ẹ̀rù tí ń ba àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí náà pẹ̀lú: ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ bí tiwa, ǹjẹ́ oògùn tí ó lè dín agbára ẹ̀jẹ̀ kù kò ní jẹ́ kí ibà pa ọmọ? Ohun tí wọ́n rí ni pé, bí a bá ṣírò ọmọ 100 fún ọdún kan, ìrora egungun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ìgbà 98 kí wọ́n tó lo oògùn bọ́ sí nǹkan bí 45. Ibà bọ́ láti nǹkan bí 47 sí 23. Gbígba ẹ̀jẹ̀ bọ́ láti 43 sí 14. Ikú pàápàá dín kù, láti 3.6 sí 1.1. Wọn kò sì fi ewu rẹ̀ pamọ́: wọ́n ní a gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò déédéé. Ìyá ọmọ ní kí a tún ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ikú kà fún òun. A tún un kà. Ó dìde, ó lọ gbé oògùn náà kúrò lórí àpótí.

A kọ ìbéèrè márùn-ún sínú ìwé, a gbé e tọ dókítà lọ. Kò bínú. Ó ní ó ti pẹ́ tí òbí kan ti bi òun ní irú rẹ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú ńkọ́? Alábòójútó yẹn ní kí ọmọ wa kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó kọ ọ́, nítorí àdírẹ́sì í-meèlì rẹ̀ wà lábẹ́ àkọlé. Ìlà mẹ́rin péré ni ó kọ. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí èsì fi dé, pẹ̀lú ẹ̀dà tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kọ kí ilé ìtẹ̀wé tó tò ó, èyí tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fún ẹni tí ó bá béèrè. Ó tilẹ̀ kí ọmọ náà. Àwọn àgbà yunifásítì yóò rántí pé káàdì ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ láyé ọjọ́sí, tí wọn yóò sì máa retí ẹ̀dà fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Àwọn ọ̀nà míràn wà. Lórí Google Scholar, ẹ máa wo ìsàlẹ̀ àkọlé bóyá ẹ̀dà míràn wà tí kò gba owó. Unpaywall wà, tí ó ń tọ́ka sí ẹ̀dà tí òfin gbà. African Journals Online, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ní ìwé àwọn onímọ̀ Nàìjíríà rẹpẹtẹ nínú, àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní yunifásítì kò sì mọ̀. Hinari ti àjọ ìlera àgbáyé dára, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan. Kí ẹ ṣọ́ra fún ìwé tí àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ ẹni tí ó kọ ọ́ kò tíì yẹ̀ wò. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí i lórí, ojú wa ló máa ń fò ó.

Ìrora kò tíì kúrò lára ọmọ wa pátápátá. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sùn ní ilé ìwòsàn, ó sì wà lára àwọn tí yóò ṣe wòlímọ̀ lọ́dún yìí. A ti kọ bí a ṣe ń wá ìwé wọ̀nyí, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ilé-kéwú. Òbí tí ó bá fẹ́ kí a jọ wá a, kí ó wá lẹ́yìn ìrun Àsárì, nítorí pé ìgbà náà ni ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń dé.